Ẹ Jẹ́ Kí A Máa Wọn Ẹja Kó Tó Tán Lódò

Olóòtú,

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún mi láàyè díẹ̀ nínú ìwé ìròyìn yín kí n lè sọ èrò ọkàn mi nípa ẹja wẹ́wẹ́ tó kún ọjà wa báyìí. Káfíńtà ọkọ̀ ojú omi ni mí ní Ẹ̀pẹ́. N kì í ṣe apẹja, ṣùgbọ́n bí apẹja kò bá rí ẹja pa, ta ni yóò gbé iṣẹ́ ọkọ̀ wá fún mi?

Bí ọ̀rọ̀ bá kan ẹja tó wọ́n, àwọn kan á ní ọkọ̀ ńláńlá orí òkun ló fà á. Àwọn kan á ní apẹja ló pọ̀ jù, àwọn mìíràn á ní omi ló bàjẹ́. Gbogbo rẹ̀ lè jẹ́ òótọ́. Ṣùgbọ́n ohun tí a kò wọ̀n la ń jà lé lórí. Nínú iṣẹ́ tiwa, ẹni tí kò bá tíì fa téèpù kò gbọdọ̀ gbé ayùn. Ẹja náà ṣe é wọ̀n, láti ẹnu títí dé ìrù. Kò gba ìwé púpọ̀, rúlà onígi kan ti tó.

Kí ni gígùn ẹja lè sọ fún wa? Ọ̀mọ̀wé kan nípa ẹja, Rainer Froese, ará Jámánì, kọ ọ́ ní 2004 lọ́nà tó yé ènìyàn. Ó ní kí a bi ara wa ní ìbéèrè mẹ́ta nípa ẹja tí a pa. Mélòó nínú wọn ló ti dàgbà tó láti yé ẹyin? Mélòó ló ti tóbi dé ibi tí èrè rẹ̀ pọ̀ jù? Mélòó ló sì jẹ́ àgbà ìyá ẹja? Ó ní kí a jẹ́ kí ẹja bímọ ná, kí a jẹ́ kó dàgbà, kí a sì dá àwọn àgbà ìyá sí.

Ẹ gbọ́ ìdí rẹ̀. Ẹja kọ́ọ̀dù ni wọ́n ń sá di okporoko tí a ń rà. Ní 2018, àwọn onímọ̀ ṣàlàyé pé ìyá kọ́ọ̀dù kan tó tẹ̀wọ̀n kílò 30 ń yé ẹyin ju ìyá 28 tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn jẹ́ kílò 2 lọ. Ẹ ṣírò rẹ̀ wò: kílò 56 ẹja kékeré kò tó kílò 30 àgbà ìyá kan ṣoṣo! Èyí tó kéré ńkọ́? Bí ẹja bá gùn ní ìlọ́po méjì, ìwọ̀n rẹ̀ lórí òṣùwọ̀n á fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po mẹ́jọ. Lóòótọ́, díẹ̀ á kú kó tó dàgbà, ṣùgbọ́n àgbẹ̀ tó bá jẹ èèbù iṣu rẹ̀ tán, kí ni yóò gbìn?

Kì í ṣe rúlà kan náà la ó fi dájọ́ gbogbo ẹja o. Edé kéré láti ìṣẹ̀dá rẹ̀, kékeré rẹ̀ kò ní kó jẹ́ ọmọdé. Ṣùgbọ́n ọ̀bọ̀kún tí kò ju ìka ọwọ́ lọ, ọmọdé ni. Irú ẹpìyà kan sì wà ní ọ̀sà wa tó jẹ́ pé akọ ló ń gbé ẹyin sẹ́nu títí yóò fi pa. Ẹni tó bá pa á nígbà náà, bàbá àtọmọ ló kó lọ. Ẹja kọ̀ọ̀kan ló ní ìwọ̀n tirẹ̀.

Àwọn kan á ní òfin wà. Ó wà lóòótọ́. Òfin ẹja òkun wa ti 1992 àti àwọn ìlànà tó rọ̀ mọ́ ọn ní kí ọkọ̀ tó ń wọ́ àwọ̀n má ṣe pẹja láàrin máìlì òkun 5 sí etíkun. Wọ́n ní kí ojú àwọ̀n rẹ̀ má dín ní mìlímítà 76 fún ẹja, tàbí 44 fún edé ńlá. Ó dára, ṣùgbọ́n àwọ̀n ni òfin yìí ń wọ̀n. Ta ni ń wọn ohun tó wà nínú agbọ̀n? Ẹja ni ẹlẹ́rìí tí kì í parọ́.

Ẹ wo Norway tí okporoko ti ń wá. Lápá àríwá òkun wọn, kọ́ọ̀dù tí kò tó sẹ̀ǹtímítà 44 ni wọ́n ń kà sí ọmọdé. Bí irú rẹ̀ bá ju 15 lọ nínú 100 níbì kan, wọ́n á ti ibẹ̀ pa fún ìgbà díẹ̀, kí àwọn ọmọ ẹja lè dàgbà. Láti 1987 ni wọ́n sì ti fòfin dè é pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe da kọ́ọ̀dù tó ti kú padà sómi. Òkú ẹja kì í jí, ẹ jẹ́ kó dé èbúté kí a lè kà á.

Nítorí náà, n kò sọ pé kí ọlọ́pàá máa gba abọ́ lórí àwọn ìyá alẹ́ja o. Ìyẹn kì í ṣe àtúnṣe, ìyà lásán ni. Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún ni pé ní èbúté kọ̀ọ̀kan, kí ẹgbẹ́ apẹja àti àwọn alẹ́ja máa wọn ẹja 100 lóṣooṣù, kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé. Kí àwọn NIOMR, tó ti ń ṣe ìwádìí òkun ní Èkó láti 1975, máa bá wa kà á. Bí ọmọdé ẹja bá ti pọ̀ jù, kí a fohùn ṣọ̀kan láti pààrọ̀ ojú àwọ̀n, tàbí kí a jẹ́ kí ibẹ̀ sinmi. Kí ìjọba ran ẹni tí yóò pààrọ̀ àwọ̀n lọ́wọ́, nítorí ebi kì í jẹ́ kí ènìyàn gbọ́ ìmọ̀ràn. Kí wọ́n sì wọn ẹja inú ọkọ̀ ńlá pẹ̀lú! Bí rúlà bá mọ sí ọ̀dọ̀ tálákà nìkan, kò sẹ́ni tí yóò gbà á.

Ọmọ wa tó bá fẹ́ ṣe iṣẹ́ ọkọ̀ lọ́la, ẹ jẹ́ kó rí apẹja tí yóò rà á.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Káfíńtà Ọkọ̀ Ojú Omi,
Ẹ̀pẹ́.