Àwo ike kọ́ ló máa bá ẹ lúwẹ̀ẹ́ lọ́jọ́ ìdíje

1/
Ẹ jẹ́ n sọ ọ́ ní ṣókí kí n tó máa tú u: ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń múra fún triathlon ọlọ́nà jíjìn, paddle ọwọ́ yín ń tàn yín jẹ. Eré tó ń fún yín nínú pool kì í ṣe eré yín. Èjìká tó ń bàjẹ́ ni tiyín. Ẹ fara balẹ̀, ọ̀rọ̀ pọ̀.

2/
Fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n: paddle ni àwo ike pẹlẹbẹ tí àwọn tó ń lúwẹ̀ẹ́ máa ń fi rọ́bà so mọ́ àtẹ́lẹwọ́. Ó fẹ̀ ju ọwọ́ lọ, torí náà omi tó ń gbá mú pọ̀ ju èyí tí ọwọ́ lásán lè gbá. Ẹ rántí àjẹ̀ tí wọ́n fi ń tukọ̀. Ibi pẹlẹbẹ tó wà nídìí ẹ̀ ló ń ti omi sẹ́yìn. Ọgbọ́n kan náà ni.

3/
Ọ̀nà jíjìn tí mò ń sọ ni Ironman: ìlúwẹ̀ẹ́ kìlómítà 3.8, kẹ̀kẹ́ kìlómítà 180, eré ẹsẹ̀ kìlómítà 42.2, lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Hawaii ló ti bẹ̀rẹ̀ ní 1978. Èèyàn 15 ló bẹ̀rẹ̀, 12 ló parí. Lónìí, níbi tó pọ̀ jù, tó o bá lò ju wákàtí 2 àti ìṣẹ́jú 20 lọ nínú omi, wọ́n á ní kó o máa lọ sílé. Kẹ̀kẹ́ rẹ á wà níbẹ̀, o ò ní fọwọ́ kàn án.

4/
Òfin ìdíje ọ̀hún sì sọ pé kò sí paddle. Kò sí bàtà rọ́bà tó dà bí ẹsẹ̀ pẹ́pẹ́yẹ. Kò sí ọ̀pá tí wọ́n fi ń mí nínú omi. Ọwọ́ méjì tí Ọlọ́run fún ẹ lo máa gbé wọ òkun. Ẹ fi èyí sọ́kàn o, torí orí ẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ mi dúró lé.

5/
Ẹ wá wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Èèyàn á lúwẹ̀ẹ́ 3,000 mítà, paddle á wà lọ́wọ́ ẹ̀ fún 2,000 níbẹ̀. Á ya fọ́tò aago ọwọ́ ẹ̀, á gbé e síta: "100 mítà ní 1:45!" Àwa náà á rọ̀jò ọkàn pupa lé e lórí. Kò sẹ́ni tó máa bi í pé, láìsí ike ńkọ́? Ṣòkòtò àgbàbọ̀ kì í yẹ ọmọ èèyàn. Bí kò fún ni lẹ́sẹ̀, á ṣoni.

6/
Ọ̀rọ̀ yìí ò tiẹ̀ tuntun. Benjamin Franklin, ará Amẹ́ríkà tí àwòrán ẹ̀ wà lórí owó $100 tẹ́ ẹ̀ ń wá kiri yẹn, ṣe irú ẹ̀ nígbà tó wà lọ́mọdé ní Boston. Pákó pẹlẹbẹ méjì ni, ó lu ihò tí àtàǹpàkò máa gbà kọjá sára wọn. Nígbà tó dàgbà tó ń sọ ìtàn ẹ̀, ó ní òun yára lóòótọ́, àmọ́ ọrùn ọwọ́ ń rẹ òun. Ọdún 1706 ni wọ́n bí bàbá yìí o. Ó ti mọ̀ látìgbà yẹn pé bí nǹkan yìí ṣe ń fúnni ló ń gbà.

7/
Kí ni paddle ń ṣe gan-an? Ó ń sọ ohun tí ọwọ́ rẹ ń ṣe di ńlá. Tó o bá ń gbá omi dáadáa, wàá gbá púpọ̀ sí i. Tó o bá ń gbá a lódì, àṣìṣe náà á di ńlá. Ẹ̀rọ gbohùngbohùn ni. Ẹni tí kò mọ orin-ín kọ, tẹ́ ẹ bá gbé gbohùngbohùn fún un, ṣé orin ló máa dùn sí i ni, àbí ariwo ló máa pọ̀ sí i?

8/
Gbígbá tó dáa rèé: ọwọ́ wọlé níwájú èjìká, orí ìka ló ṣáájú. Ìgbọ̀nwọ́ dúró lókè, ìka kọjú sísàlẹ̀, apá láti ìgbọ̀nwọ́ dé ìka wá ti omi sẹ́yìn. Sẹ́yìn o, kì í ṣe sísàlẹ̀. Àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ ọ máa ń na apá gbọnrangandan, wọ́n á máa tẹ omi mọ́lẹ̀. Àyà á gòkè, ẹsẹ̀ á rì. Gbé ike lé irú apá bẹ́ẹ̀, títẹ̀ náà lo fi kún.

9/
Ká wá sí èjìká. Iṣan mẹ́rin kéékèèké ló di orí egungun apá mú sí àyè ẹ̀. Wọn ò tóbi bíi ti itan. Ọ̀kan nínú wọn ń gba ibi tóóró kan kọjá lábẹ́ egungun òkè èjìká. Tó o bá ń fi àtàǹpàkò ṣáájú wọ omi, tàbí tí ọwọ́ rẹ ń dábùú iwájú orí lọ sí apá kejì, egungun á máa há iṣan yẹn mọ́. Gbogbo ìgbà tó o bá fa omi, ẹrù ń bẹ lórí ẹ̀. Paddle ń fi ẹrù kún ẹrù.

10/
Ẹ jẹ́ ká ṣírò díẹ̀. Ká ní gbogbo ìgbà tó o bá ju apá kan, o sún síwájú ní mítà kan. Kìlómítà 3.8 á gba ìjupá 3,800. Èjìká kọ̀ọ̀kan á ṣe 1,900. Ọjọ́ ìdíje nìkan nìyẹn o. Tó o bá wá ń lúwẹ̀ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, 3,000 mítà lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, fún ọ̀sẹ̀ 26, èjìká kọ̀ọ̀kan á ti ṣe 117,000. Àṣìṣe kékeré tó o ṣe ní ìgbà 117,000 kì í ṣe kékeré mọ́.

11/
Iṣẹ́ èjìká ò sì parí tó o bá jáde nínú omi. Kìlómítà 180 ń dúró dè ẹ́ lórí kẹ̀kẹ́, o dorí kodò, o gbé ìgbọ̀nwọ́ lé ọwọ́ kẹ̀kẹ́, èjìká ló ń gbé òkè ara rẹ fún wákàtí márùn-ún, mẹ́fà, méje. Lẹ́yìn ìyẹn, o tún máa ju apá fún kìlómítà 42.2. Ẹni tó tìtorí ìṣẹ́jú mẹ́ta nínú omi ba èjìká jẹ́, níbo ló fẹ́ ti rí èrè yẹn gbà?

12/
Wọ́n á ní, "agbára ni mò ń wá." Ó dáa. Àmọ́ omi ò mọ alágbára. Tó o bá fẹ́ yára ní ìlọ́po méjì, ìdènà omi á di ìlọ́po mẹ́rin. Torí náà, ẹni tí ara ẹ̀ tẹ́jú lórí omi, tí orí ẹ̀ balẹ̀, tí ẹsẹ̀ ẹ̀ ò rì, ń jèrè ju ẹni tó ń fi tipátipá wọ́ ara ẹ̀ bí àpò sìmẹ́ńtì. Ohun tá a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ohun tá a bá fagbára mú ní í le koko.

13/
Èyí tó tún wá burú jù: paddle pẹ̀lú pull buoy ní gbogbo ìgbà. Pull buoy ni fóòmù tí wọ́n ń há sáàárín itan, tó ń gbé ẹsẹ̀ sókè fún ẹ. Ọwọ́ àyálò, ẹsẹ̀ àyálò. Kí ló wá kù tó jẹ́ tìẹ? Ní Kona, ní Hawaii, omi òkun gbóná débi pé wọn kì í gbà kéèyàn wọ aṣọ rọ́bà tó ń jẹ́ kí ara léfòó. Tí ẹsẹ̀ rẹ bá fẹ́ rì níbẹ̀, rírì ló máa rì.

14/
"Àmọ́ Brett Sutton ńkọ́?" Mo ti mọ̀ pé ẹ máa dárúkọ ẹ̀. Kóòṣì ará Australia ni. Òun ló kọ́ Chrissie Wellington nígbà tó gba Kona ní 2007. Òun ló kọ́ Daniela Ryf, tó gbà á ní ìgbà mẹ́rin léraléra, láti 2015 dé 2018. Paddle àti pull buoy sì pọ̀ nínú iṣẹ́ tó máa ń fún àwọn èèyàn ẹ̀. Èrò ẹ̀ tiẹ̀ ni pé àwọn tó kọ́ ìlúwẹ̀ẹ́ lágbà gan-an ló nílò ẹ̀ jù.

15/
Mi ò bá a jiyàn. Èmi àti ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń fi orúkọ ẹ̀ bo ara yín ni. Nínú gbogbo ohun tí kóòṣì bẹ́ẹ̀ ń ṣe, ike nìkan lẹ mú. Ojú tó ń wo apá èèyàn láti etí pool lójoojúmọ́, tó ń rí i pé ìgbọ̀nwọ́ ti ń wálẹ̀, tó mọ ìgbà tó yẹ kéèyàn yọ ike kúrò, ẹ ò mú ìyẹn. Ẹ ò lè rí i rà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ike láìsí ojú tó ń wò ó, ewu ni.

16/
Ẹ tún wo Lucy Charles-Barclay, obìnrin tó gba Kona ní 2023. Kó tó ya sí triathlon, ìlúwẹ̀ẹ́ ló fi ń díje láti kékeré. Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Ike tó wà lọ́wọ́ ẹ̀ lè jọ tìẹ. Ọdún tó wà nínú èjìká ẹ̀ ò jọ tìẹ rárá.

17/
Ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi ń dùn mí rèé. Ọ̀pọ̀ nínú wa dàgbà sábẹ́ "má sún mọ́ odò o!" Lágbà la sanwó kọ́ bí wọ́n ṣe ń mí sínú omi. Irú wa ò ní àkísà kankan. Tí èjìká ẹni bẹ́ẹ̀ bá bàjẹ́ lọ́dún àkọ́kọ́, ó lè má padà wá mọ́. Á ní omi ò gba òun, ìran òun kì í lúwẹ̀ẹ́. Irọ́ ni! Omi gbà á. Ike tí wọ́n tètè gbé lé e lọ́wọ́ ló lé e jáde.

18/
"Òkun le, ìgbì ń bẹ, ọwọ́ gbọ́dọ̀ lágbára." Òótọ́ wà níbẹ̀, mi ò ní parọ́. Paddle ń jẹ́ kí iṣan ẹ̀yìn àti apá ṣiṣẹ́ takuntakun nínú omi gan-an, lọ́nà tí gbígbé irin ò lè gbà ṣe é. Ó sì lè jẹ́ kí ọwọ́ mọ bí omi ṣe ń rí téèyàn bá dì í mú. Mi ò ní kẹ́ ẹ kó o dànù. Ìgbà tẹ́ ẹ̀ ń lò ó àti ìwọ̀n tẹ́ ẹ̀ ń lò ó ni mò ń bá jà.

19/
Tó o bá máa lò ó, yọ rọ́bà ọrùn ọwọ́ kúrò. Fi ti ìka àárín nìkan sílẹ̀. Tó o bá fi àtàǹpàkò wọ omi, tàbí tí ọwọ́ rẹ ò ti omi sẹ́yìn dópin, paddle á ṣí, á fẹ́ bọ́. Inú á bí ẹ. Má bínú, òótọ́ ló ń sọ. Rọ́bà ọrùn ọwọ́ yẹn ló ń pa á lẹ́nu mọ́.

20/
Kékeré ni kó o rà. Èyí tó fi díẹ̀ ju ọwọ́ rẹ lọ ti tó. Èyí tó tó àwo ìrẹsì, jọ̀ọ́, fi í sílẹ̀ fún ìrẹsì.

21/
Lò ó ní ṣókí, 50 mítà tàbí 100, lẹ́yìn tí ara bá ti gbóná, kó tó rẹ̀ ẹ́. Lẹ́yìn náà, yọ ọ́, tún ọ̀nà kan náà lú láìsí ike, kó o ka ìjupá rẹ. Tó bá jẹ́ 14 pẹ̀lú ike, tó di 24 láìsí ike nínú mítà 25, ọwọ́ rẹ ò tíì mọ omi. Ike ló ń bá ẹ ṣe é. Padà sí ọwọ́ lásán. Tiẹ̀ di ìkúùkù lúwẹ̀ẹ́ díẹ̀, kí apá láti ìgbọ̀nwọ́ dé ọrùn ọwọ́ náà kọ́ bí wọ́n ṣe ń di omi mú.

22/
Tó bá wá di pé èjìká ń dun ẹ́, má ṣe akin. Kí iṣan rẹ̀ ẹ́ lẹ́yìn iṣẹ́, kò burú. Àmọ́ ìrora tó ń gún ẹ níwájú tàbí lókè èjìká, tí kì í jẹ́ kó o fi ẹ̀gbẹ́ yẹn sùn lóru, ìkìlọ̀ ni. Gbé ike sọnù lọ́jọ́ yẹn, kó o lọ rí oníṣègùn. Ìdíje á tún wà lọ́dún tó ń bọ̀.

23/
Ẹ̀yin kóòṣì orí ẹ̀rọ ayélujára náà, mo fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀. Ẹ ò rí ẹnì kan rí, ẹ ò wo bó ṣe ń ju apá fún ìṣẹ́jú kan péré, ẹ ti tà á ní ètò ọ̀sẹ̀ 12 tí paddle kún inú ẹ̀ fọ́fọ́. Ṣé ẹ ò lè ní kó fi fídíò ránṣẹ́ ni? Dókítà wo ló ń fúnni lóògùn láìwo ojú aláìsàn? Ìwé lẹ̀ ń tà, ẹ ò tíì kọ́ ẹnikẹ́ni.

24/
Ìwọ tó ò ń ka èyí, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ san owó ìdíje: gbogbo mítà tó o bá fi ọwọ́ lásán lú dáadáa, tìẹ ni, wàá bá a létí òkun lọ́jọ́ náà. Èyí tó o fi ike rà, inú báàgì ló máa wà, pẹ̀lú ike.

25/
Mo ti sọ tèmi. Ẹni tó bá fẹ́ bú mi, àyè wà nísàlẹ̀. Àmọ́ kó o tó bú mi, kọ́kọ́ kọ iye àkókò tó o fi ń lú 100 mítà síbẹ̀. Láìsí ike o. Mò ń dúró.