Ìdíje Ọpọlọ Kì í Ṣe Eré Lásán

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ọgbọ́n ju agbára lọ. Òtítọ́ òwe yìí hàn gbangba nínú ìdíje kíkọ ètò fún kọ̀ǹpútà, èyí tí ó bẹ̀rẹ̀ láàrin àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ní Texas, ní Amẹ́ríkà, ní 1970, tí ó sì ti di ti gbogbo ayé. Akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́ta ni í jẹ́ ẹgbẹ́ kan. Kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo ni wọ́n jọ ń lò. Wákàtí márùn-ún péré ni a sì fún wọn. Ní oṣù kẹrin 2024, ìlú Luxor ní Íjíbítì ni a ti ṣe àṣekágbá rẹ̀. Yunifásítì Stanford ti fi ẹ̀kọ́ kan lélẹ̀ rí fún ìmúrasílẹ̀ ìdíje báyìí, ó sì yẹ kí àwọn ilé-ẹ̀kọ́ gíga ilẹ̀ Yorùbá náà ṣe bẹ́ẹ̀.

Kí a wo àpẹẹrẹ kan ní Ìbèsè, ní ilẹ̀ Yewa. Awakọ̀ kan fẹ́ kó sìmẹ́ǹtì lọ sí ìlú mẹ́wàá, kí ó sì padà sílé. Ṣé Ìlaròó ni yóò kọ́kọ́ lọ ni, tàbí Ayétòrò? Ọ̀nà tí ó lè gbà to ìlú mẹ́wàá náà jẹ́ 3,628,800. Bí ènìyàn bá ń ṣírò ọ̀kan ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan, láìsùn, láìjẹun, yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ lo ọdún 7. Bí ìlú bá sì di 20, kọ̀ǹpútà tí ń yẹ bílíọ̀nù kan wò ní ìṣẹ́jú-àáyá kan yóò lo ju ọdún 70 lọ.

Níbẹ̀ ni ọgbọ́n ti ń ju agbára lọ. Akẹ́kọ̀ọ́ tí a kọ́ dáadáa mọ̀ pé, nínú gbogbo ọ̀nà tí ó la àwọn ìlú kan náà kọjá dé ìlú kan náà, èyí tí ó kúrú jù lọ nìkan ni ó yẹ ní kíkọ sílẹ̀. Bí ó bá kọ ọ́ sílẹ̀, tí kò tún un ṣírò mọ́, iṣẹ́ ọdún 70 di iṣẹ́ ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀ta ṣe ń ṣe nídìí ayò: ó ti ro ó dé òpin kí ó tó na ọwọ́.

Àwọn kan ń sọ pé eré ọmọdé ni ìdíje. Òótọ́ díẹ̀ wà nínú ọ̀rọ̀ wọn. Ètò tí a fi ìkánjú kọ fún ìdíje kì í pẹ́ lò, bẹ́ẹ̀ ni èyí tí ilé-ìwòsàn ń lò gbọ́dọ̀ yé ẹlòmíràn lẹ́yìn ọdún púpọ̀. Nítorí náà, kí ẹ̀kọ́ yìí má ṣe gba ipò àwọn ẹ̀kọ́ yòókù; kí akẹ́kọ̀ọ́ má sì há ìdáhùn sórí bí ayékòótọ́. Ṣùgbọ́n ìdíje ń kọ́ni ní sùúrù àti àjọṣe. Ìdáhùn tí ó kùnà ń fi ìṣẹ́jú 20 kún àkókò ẹgbẹ́ bí wọ́n bá padà rí ìṣòro náà tú. Nítorí náà, nígbà tí ẹnìkan bá wà nídìí ẹ̀rọ, àwọn méjì yòókù a máa fi ìwé àti kálàmù ronú. Ìwé àti kálàmù kò sì nílò iná mànàmáná. Ilé-ẹ̀kọ́ tálákà náà lè fi wọ́n bẹ̀rẹ̀.

Òkúta tí a fi ń ṣe sìmẹ́ǹtì ti wà lábẹ́ ilẹ̀ Ìbèsè tipẹ́tipẹ́ kí ilé-iṣẹ́ ńlá ibẹ̀ tó ṣí ní 2012. Bí a bá ń wa òkúta, dídín ni í máa dín. Bí a bá ń lo ọpọlọ ọmọ, pípọ̀ ni í máa pọ̀ sí i. Ìlú tí ó wa ọ̀kan jáde, tí ó fi èkejì sílẹ̀ lábẹ́ ilẹ̀, kò tíì mọ ibi tí ọrọ̀ rẹ̀ wà.