Tanwíjí inú táyà Ládìípọ̀

Nígbà tí àrùn Ebola wọ Èkó ní 2014, omi iyọ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn fi ń wẹ̀ nítorí àhesọ, bẹ́ẹ̀ ní Yaba ni wọ́n ti ń tọ́jú àwọn tó kó o. Ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì wà ládùúgbò, kò kàn wọ kíláàsì ni.

Ọmọ Mushin ń kọ́ ìtumọ̀ fáírọ́ọ̀sì sórí, ṣùgbọ́n ta ló sọ ìtàn Yaba fún un? Ibẹ̀ ni àjọ Rockefeller ti Amẹ́ríkà fìdí ìwádìí ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀ múlẹ̀ sí ní 1925. Ní 1927, àwọn oníwàádìí àjọ náà gba ẹ̀jẹ̀ Asibi, ará Gold Coast tó di Gánà, wọ́n fi gún ọ̀bọ lábẹ́rẹ́, àṣírí sì tú pé fáírọ́ọ̀sì ló ń fa ibà náà. Asibi yè é. Adrian Stokes, ọ̀kan nínú àwọn oníwàádìí ọ̀hún, kó o, ó sì kú sí Èkó lọ́dún náà. Láti ara fáírọ́ọ̀sì Asibi ni Max Theiler ti ṣe abẹ́rẹ́ àjẹsára ní New York, tó fi gba ẹ̀bùn Nobel ní 1951. Yaba pàápàá ṣe abẹ́rẹ́ náà títí di 1991.

Ọ̀pọ̀ ilé-ìwé ìjọba ni kò ní yàrá ìwádìí tó péye. Ṣùgbọ́n ẹ̀fọn tó ń gbé ibà yìí kiri kì í sábàá yé ẹyin sí gọ́tà ẹlẹ́gbin. Omi òjò inú táyà àlòkù ló fẹ́ràn, táyà sì pọ̀ ní Ládìípọ̀. Olùkọ́ tó bu omi táyà sínú ìgò, tó fi sọ ìtàn Asibi, kò ná kọ́bọ̀. Ojú lásán ń rí tanwíjí.