Ọwọ́, ojú àti etí ni iṣẹ́ nọ́ọ̀sì

Ẹ̀yin ọmọ wa tó ń kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni mò ń bá wí lónìí.

Ìdánwò VARK tí Neil Fleming gbé jáde ní New Zealand ti dé orí fóònù yín. Ó ń sọ bóyá ojú, etí, ìwé tàbí ọwọ́ lo fẹ́ràn láti fi kẹ́kọ̀ọ́. Ti Ned Herrmann, ará Amẹ́ríkà, pín ìrònú sí ọ̀nà mẹ́rin. Ẹ ṣe é, kò burú. Ẹ ó mọ ohun tí ẹ máa ń sá fún.

Èyí tí mi ò fara mọ́ ni, "Antí, èmi ò kì í kàwé, fídíò ni tèmi." Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Ní 2008, Pashler àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yẹ àwọn ìwádìí wò; wọn ò rí ẹ̀rí tó tó pé ọ̀nà tí ọmọ fẹ́ràn ló ń jẹ́ kó mọ̀wé jù.

Ẹ wo bí a ṣe ń wọn BP. Ọwọ́ ń fún afẹ́fẹ́ sínú aṣọ tí a wé mọ́ apá, ojú ń wo nọ́ńbà, etí ń gbọ́ ìró àkọ́kọ́ títí tó fi dákẹ́, a ó sì kọ ọ́ sílẹ̀. Èwo lo fẹ́ yọ níbẹ̀? Aboyún tí BP rẹ̀ ti dé 160/110, gìrì lè gbé e kí o tó wá fídíò.

Ibi tí máàkì rẹ bá ti kéré jù ni kí o ti bẹ̀rẹ̀. Pa ìwé dé, sọ ohun tí o kà fún ọ̀rẹ́ rẹ. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, tún un sọ láì wò ó.