TA NI YÓÒ MÁA TỌ́JÚ IṢẸ́ ỌNÀ WA?

Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lóṣù yìí kan àwọn ọmọ wa tí wọ́n ń parí ilé ìwé, ó sì kan àwa òbí wọn pẹ̀lú.

Bí ọmọ bá wí pé òun fẹ́ di dókítà tàbí agbẹjọ́rò tàbí ẹnjiníà, a ó kúnlẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ṣùgbọ́n bí ó bá ní òun fẹ́ máa ṣa iṣẹ́ ọnà jọ, kí òun máa tọ́jú wọn, kí òun máa pàtẹ wọn fún aráyé wò, kí òun sì máa sọ ìtumọ̀ wọn, a ó bi í pé, “Ṣé èyí ni ìwọ yóò fi jẹun?” Ẹni tí ń ṣe iṣẹ́ yìí ni àwọn òyìnbó ń pè ní curator. Ọ̀pọ̀ nínú wa rò pé ẹni tí ń nu eruku ara ère lásán ni. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá.

Ẹ jẹ́ kí n fi àpẹẹrẹ kan hàn yín. Ilẹ̀kùn onígi kan wà ní British Museum ní Lọ́ńdọ̀nù. Ẹni tí kò mọ̀ yóò rò pé igi gbígbẹ́ kan ṣáá ni. Ẹni tí ó kọ́ iṣẹ́ yìí ni yóò sọ fún wa pé Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀-Èkìtì, tí ó kú ní 1938, ni ó gbẹ́ ẹ fún ààfin Ògògà ti Ìkẹ́rẹ́. Pé ọba ni ó jókòó lára rẹ̀ yìí, àti òyìnbó tí àwọn alárùú gbé wá sọ́dọ̀ rẹ̀. Pé wọ́n gbé ilẹ̀kùn náà lọ sí ìpàtẹ ńlá tí ó wáyé ní Wembley ní 1924. Àti pé àga ọba kan tí wọ́n ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ṣe pàṣípààrọ̀ rẹ̀. Àwa òṣìṣẹ́ rélùwéè mọ̀ dájú pé ẹrù tí kò ní lébẹ́ẹ̀lì, tí kò sì sí nínú ìwé, ti sọ olówó rẹ̀ nù. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ère tí a kò mọ ẹni tí ó gbẹ́ ẹ.

Níbo wá ni a ti ń kọ́ iṣẹ́ náà? Ní Jos, níbi tí wọ́n ti ṣí mùsíọ́ọ̀mù ní 1952, àjọ UNESCO dá ilé ẹ̀kọ́ kan sílẹ̀ ní 1963 láti kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ mùsíọ́ọ̀mù. Ní Àjàṣẹ́, tí wọ́n ń pè ní Porto-Novo, wọ́n dá École du Patrimoine Africain sílẹ̀ ní 1998 fún irú iṣẹ́ kan náà.

Ṣùgbọ́n èyí tí ó wú mi lórí jù ni ti Bisi Silva, ọmọ Èkó tí a bí ní 1962. Ó kọ́ iṣẹ́ yìí ní Royal College of Art ní Lọ́ńdọ̀nù, ó sì parí ní 1996. Ní 2007 ó dá Centre for Contemporary Art sílẹ̀ ní Yábàá. Ó ṣàkíyèsí pé ẹ̀kọ́ tí àwọn ọ̀dọ́ ayàwòrán àti àwọn tí ń pàtẹ iṣẹ́ wọn ń rí gbà nílé ti di ti àtijọ́, tàbí pé kò tilẹ̀ sí rárá. Nítorí náà, ní 2010, ó bẹ̀rẹ̀ ilé ẹ̀kọ́ kan tí ó sọ ní Àsìkò. Wọn a máa kó àwọn ọ̀dọ́ láti orílẹ̀-èdè púpọ̀ jọ fún nǹkan bí ọjọ́ 35, ayàwòrán àti olùpàtẹ a sì jùmọ̀ kẹ́kọ̀ọ́. Kò fi í mọ sí Èkó nìkan: ó gbé e dé Accra ní 2013, Dakar ní 2014, Maputo ní 2015 àti Addis Ababa ní 2016. Ó kú ní ọjọ́ 12 oṣù kejì ọdún 2019, ẹni ọdún 56 péré, ṣùgbọ́n ilé tí ó dá sílẹ̀ kò bá a kú, nítorí ó ti kọ́ ènìyàn.

Kí ni èyí kàn wá ní Ubeji? Ẹ wo Benin tí kò jìnnà sí wa. Ní oṣù kejìlá 2022 ìjọba Jámánì dá ohun ọnà Benin 20 padà fún Nàìjíríà. Ní 2025 Netherlands dá 119 padà. Ní ilẹ̀ àwọn onílẹ̀ wa, àwọn Ìtsẹkírì, ilé Nana Olomu ní Koko ti di mùsíọ́ọ̀mù. Ohun tí ó ti lọ sájò ń padà bọ̀ wálé. Bí kò bá sí ọmọ wa tí ó mọ bí a ti í gbà á, bí a ti í kọ ọ́ sínú ìwé, bí a ti í dáàbò bò ó lọ́wọ́ ọ̀rinrin àti kòkòrò, àlejò ni yóò tún máa sọ ìtàn wa fún wa.

N kò sọ pé iṣẹ́ náà ń sọ ènìyàn di olówó kíákíá. Iṣẹ́ sùúrù ni, ìwé kíkà rẹ̀ sì pọ̀. Ohun tí mo ń bẹ̀ yín ni pé kí a má fi ẹ̀rín lé ọmọ tí Ọlọ́run fi ìfẹ́ rẹ̀ sí lọ́kàn kúrò nídìí rẹ̀.

Ilé ni a sì ti í kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Àwọn àgbà tí wọ́n kọ́kọ́ tẹ̀dó síhìn-ín ń lọ lọ́kọ̀ọ̀kan, fọ́tò wọn sì ń bàjẹ́ nínú àpótí láìsí ẹni tí ó mọ orúkọ àwọn tí ó wà nínú rẹ̀. Mo dábàá pé ní ìpàdé ẹgbẹ́ wa tí ń bọ̀, kí ilé kọ̀ọ̀kan mú ohun àtijọ́ kan wá, ìbáà ṣe fọ́tò, aṣọ òfì tàbí ère. Kí ọmọ ilé náà kan kọ ọ́ sínú ìwé: kí ni, ti ta ni, ta ni ó ṣe é, ní ìlú wo, ní ọdún wo. Pẹ́ńsùlù ni kí ẹ fi kọ orúkọ sẹ́yìn fọ́tò, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ jẹ́jẹ́. Ẹ má fi bírò kọ ọ́. Ẹ má sì tì í mọ́ inú ọ̀rá ní ilẹ̀ olómi yìí, nítorí yóò lẹ̀ mọ́ra wọn. Ọmọ tí a bá rí tí ojú rẹ̀ tàn sí iṣẹ́ náà, kí ẹgbẹ́ fi owó díẹ̀ tì í lẹ́yìn.



Èmi ni tiyín,
Akọ̀wé Rélùwéè