Ohun Ìṣeré Tí Ọwọ́ Wa Kò Tó

Bí àwa akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ bá ti péjọ, tí a ti dárúkọ àwọn olùkọ́ tí ó ti lọ sinmi, tí a sì ti fi ẹ̀wà ilé oúnjẹ rẹ́rìn-ín, ọ̀rọ̀ kan wà tí kì í ṣàìjẹ yọ: ohun ìṣeré tí olúkúlùkù fẹ́ ní kékeré tí kò sì rí gbà. Ọ̀kan fẹ́ kẹ̀kẹ́ ológeere kékeré. Òmíràn fẹ́ bèbí tí í dijú bí a bá tẹ́ ẹ sílẹ̀. Ẹlòmíràn fẹ́ mọ́tò tí ń fi bátìrì rìn. Ẹ̀rín ni a máa ń fi ọ̀rọ̀ náà ṣe. Èrò tèmi ni pé ó ju ẹ̀rín lọ, nítorí pé ohun tí a kò rí gbà nígbà náà ni ó ń darí púpọ̀ nínú wa lónìí bí a ti ń tọ́ ọmọ tiwa.

Kí a tó dá òbí wa lẹ́bi, ẹ jẹ́ kí a rántí bí nǹkan ti rí. Ní agbègbè Ọ̀gbẹ̀sẹ̀ yìí, láti ojú ọ̀nà Àkúrẹ́ sí Ọ̀wọ̀ títí dé inú abà, kòkó, gẹdú àti oúnjẹ oko ni owó ti ń wá. Ìparí ọdún ni kòkó ń pọ̀ jù, owó rẹ̀ a sì bá Kérésìmesì pàdé. Ṣùgbọ́n kí owó náà tó wọlé, gbèsè oògùn kòkó àti owó àwọn alágbàṣe ti ń dúró dè é. Lẹ́yìn èyí ni owó ilé-ìwé, lẹ́yìn owó ilé-ìwé ni aṣọ ọdún. Ohun ìṣeré ni ó gbẹ̀yìn gbogbo wọn. Bí ó bá kan ọmọdé rárá, jígí ojú onírọ́bà tàbí aago tí ọwọ́ rẹ̀ kì í yí ni yóò kàn án.

Àwọn tí ó wù wá gan-an, òkè òkun ni wọ́n ti ń wá; inú gíláàsì Kingsway àti Leventis, ní Ìbàdàn àti Èkó, ni a ti ń gbọ́ pé wọ́n wà. Nígbà tí ìjọba dín ọjà tí ń ti òkè òkun wọlé kù ní 1982, wọ́n di ọ̀wọ́n. Nígbà tí ètò àtúntò ọrọ̀-ajé tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí SAP sì dé ní 1986, náírà já wálẹ̀. Ní 1985, náírà kan ṣì níye lórí ju dọ́là kan lọ. Kí 1986 tó parí, dọ́là kan ti ju náírà mẹ́ta lọ. Bàbá tí ó jẹ́ olùkọ́ tàbí òṣìṣẹ́ ìjọba, tí ó sọ pé ó di ọdún tí ń bọ̀, kì í ṣe òpùrọ́. Owó tí ó ń tọ́jú pamọ́ ni ó ń dínkù mọ́ ọn lọ́wọ́.

Bí a kò bá rí àdán, a fi òòbẹ̀ ṣẹbọ. Àkékù pákó kò wọ́n ní Ọ̀gbẹ̀sẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń la gẹdú. Àkékù náà ni ara mọ́tò. Ìdérí ìgò, tàbí sìlípáàsì tí ó ti já tí a gé roboto, ni ẹsẹ̀ rẹ̀. Àgbàdo tútù tí irun rẹ̀ ṣì wà lórí ni bèbí tí àwọn ọmọbìnrin ń di irun fún. Kì í ṣe ọ̀dọ̀ wa nìkan: ní Màláwì, wáyà ni àwọn ọmọdé fi ń ṣe mọ́tò tiwọn, galimoto ni wọ́n sì ń pè é.

Ṣùgbọ́n kí a má ṣe tìtorí èyí sọ àìní di olùkọ́ rere. Kì í ṣe gbogbo wa ni ó rí àyè kan mọ́tò onípákó. Àwọn kan wà láàárín wa tí ó jẹ́ pé bí agogo ìparí bá ti lù, igbá ọjà ni wọ́n ń gbé lé orí. Ní ti àwọn wọ̀nyí, àkókò eré pàápàá ni wọn kò rí. Ẹni tí ó bá ń sọ pé ìyà ni ó sọ wá di ènìyàn, kí ó ka àwọn tí ìyà kan náà lé kúrò ní ilé-ìwé mọ́ ọn.

Ọ̀nà méjì ni mo rí tí a ń gbà lo ìrántí yìí lórí àwọn ọmọ wa. Àwọn kan fi í ṣe pàṣán. Bí ọmọ bá béèrè bọ́ọ̀lù, wọn a ní, “Ní ìgbà tiwa, ta ni ó ra bọ́ọ̀lù fún wa?” Àwọn kejì fi í san gbèsè. Ọmọ kò tíì béèrè tí wọ́n ti ra mọ́tò oníbátìrì àti fóònù olówó iyebíye. Ohun tí ó wu bàbá nígbà tí ó wà ní ọmọ ọdún mẹ́jọ ni ó ń rà fún ọmọ tí nǹkan mìíràn wù.

Ẹnìkan lè bi mí pé: kí ni ó burú bí òbí bá fún ọmọ ní ohun tí òun kò ní? Kò sí ohun tí ó burú, ìfẹ́ ni. Ṣùgbọ́n ohun tí ó wù wá nígbà náà kì í ṣe rọ́bà àti bátìrì nìkan. A fẹ́ kí bàbá rántí wa láàárín gbèsè rẹ̀. A fẹ́ ohun tí ọ̀rẹ́ yóò tìtorí rẹ̀ wá sí àgbàlá wa. Ọmọ tí a há mọ́ yàrá pẹ̀lú fóònù kò rí méjèèjì gbà. Èyí tí a fi pàṣán lé kò rí i pẹ̀lú. Ẹrù àwa òbí ni àwọn méjèèjì ń rù.

Eré kì í ṣe ọ̀ṣọ́ tí ó di ìgbà tí owó bá wà. Àdéhùn lórí Ẹ̀tọ́ Ọmọdé, tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé gbà wọlé ní 1989, ka ìsinmi àti eré mọ́ ẹ̀tọ́ ọmọ. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti Nàìjíríà ti 2003 sì tẹ̀lé e. Ṣáájú wọn, nígbà tí wòlíì Sekaráyà ń ṣàpèjúwe Jerúsálẹ́mù tí Olúwa yóò tún ṣe, ní orí 8 ìwé rẹ̀, kò fi mọ sí tẹ́ḿpìlì. Ó rí àwọn arúgbó tí ó jókòó ní ìta, ó sì rí ọmọkùnrin àti ọmọbìnrin tí ń ṣeré níbẹ̀. Síbẹ̀, ẹ wo ọjọ́ ọmọ ilé-ìwé lónìí: ẹ̀kọ́ láàárọ̀, lẹ́sìnnì lọ́sàn-án, iṣẹ́ àṣetiléwá lálẹ́, lẹ́sìnnì mìíràn ní Sátidé.

Nítorí náà ni mo ṣe mú àbá kan wá ní àjọ̀dún yìí. A mọ ẹ̀bùn tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ máa ń fún ilé-ẹ̀kọ́: yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́, omi ẹ̀rọ, ẹnu ọ̀nà tí a kọ orúkọ sí. Gbogbo wọn ni ó dára. Kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan tún yọ díẹ̀ sọ́tọ̀ fún eré: bọ́ọ̀lù àti àwọ̀n rẹ̀, ọpọ́n ayò, àti àtíbàbà kan tí ó ní ayùn, òòlù àti ìṣó, níbi tí ọmọ, lábẹ́ ojú olùkọ́, ti lè fi àkékù pákó Ọ̀gbẹ̀sẹ̀ ṣe ohun tí ó bá wù ú. Kí ilé-ẹ̀kọ́ náà ya ọ̀sán kan sọ́tọ̀ lọ́sẹ̀ tí lẹ́sìnnì kò ní gbà. Bí kò bá sí àkókò, inú àpótí ni àwọn bọ́ọ̀lù náà yóò bàjẹ́ sí.

Ẹ̀yin òbí, ẹ sọ ohun tí ó wù yín tí ẹ kò rí gbà fún ọmọ yín, láìfi bá a wí. Lẹ́yìn náà, ẹ bi í léèrè ohun tí ó wu òun, kí ẹ sì dúró gbọ́ ìdáhùn. Bí ó bá jẹ́ ohun tí apá yín kò ká, ẹ ṣàlàyé ìdí rẹ̀ fún un. Àlàyé náà ni ọ̀pọ̀ nínú wa kò gbọ́ rí. Ó sì lè jẹ́ pé ohun tí ó ń fẹ́ kò ju kí ẹ bá òun ta ayò lọ.

Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ. Àwa tí tiwa ti tó o báyìí, kí a bojú wo ẹni tí ó dúró nísàlẹ̀ kí a tó gbé nǹkan fún un.