Ẹ̀rù Adarí Eré

Nínú eré Dungeons & Dragons, adarí kan ló ń sọ bí ìlú ṣe rí, tó ń fọhùn fún ọba, olè àti iwin. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ á máa sọ ohun tí akọni wọn fẹ́ ṣe, dáìsì olójú ogún á sì máa dájọ́. Ẹni tó bá fẹ́ darí rẹ̀ fún ọ̀rẹ́ mẹ́rin ní Ìkòsì Kétu, l'Ékòó, lálẹ́ Sátidé á kọ́kọ́ bi ara rẹ̀ pé: ṣé mo tó bẹ́ẹ̀?

Àwọn tó ní kó ṣì dúró ná kò jẹ̀bi. Ọ̀rẹ́ tó ti wà lọ́jà Máìlì 12 láti ìdájí, tó tún fara da sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ, ó yẹ ká múra dè é. Apàlọ́ mọ ibi tí Ìjàpá máa já sí kó tó pa "Ààlọ́ o!", adarí eré yìí kò mọ̀. Ó lè ṣètò ihò àwọn ọlọ́ṣà tán, kí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní ìṣòwò làwọn fẹ́ bá ọlọ́ṣà ṣe. Irú ẹ̀rù yìí kì í ṣe ojo. Ó ń mú èèyàn ka òfin eré, tí wọ́n ti ń pín ìpìlẹ̀ rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì láti 2014.

Ṣùgbọ́n kí ìwé eré náà tó jáde ní 1974, Dave Arneson, ọ̀kan lára àwọn tó ṣẹ̀dá rẹ̀, ti ń darí irú rẹ̀ ní Minnesota, ní Amẹ́ríkà, lórúkọ Blackmoor. Kò ní ìwé òfin tó pé lọ́wọ́. Bí ọ̀ràn bá ṣe yọjú ló ń wá ojútùú sí i. Òdodo sì ni pé ó ti pẹ́ tí òun àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń ṣeré ogun lórí tábìlì. Ọwọ́ wọn kò ṣófo.

Ohun tó tún ń dá kún ẹ̀rù ni Critical Role, ètò orí íntánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ti ń ṣe irú eré yìí fún òǹwòran, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2015. Iṣẹ́ òòjọ́ Matthew Mercer, tó kọ́kọ́ darí rẹ̀, àti àwọn tó bá a bẹ̀rẹ̀ ni fífi ohùn ṣeré. Mo fẹ́ràn wọn gan-an, àmọ́ kò tọ́ kí ọmọ Kétu fi wọ́n wọn ara rẹ̀.

Èmi fara mọ́ kéèyàn bẹ̀rẹ̀, tí eré àkọ́kọ́ bá kúrú. Ohun tó ń ba adarí lẹ́rù jù, ìyẹn ohun tí ọ̀rẹ́ máa ṣe láìròtẹ́lẹ̀, kò sí nínú ìwé kankan. Ìdí tábìlì la ti ń kọ́ ọ. Bí ọ̀rọ̀ bá tán lẹ́nu rẹ̀, kó bi wọ́n pé, "Kí lẹ rò pé ó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn yìí?" kó sì mú èyí tó dára jù. Bó bá gbàgbé òfin kan, kó dájọ́, kí eré máa lọ, kó yẹ ìwé wò lẹ́yìn. Ìgbà kan ṣoṣo ni mo gbà pé kó dúró: bí kò bá sí ẹnikẹ́ni láàárín wọn tó tíì ka òfin rárá. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ mọ̀ ọ́n, kò sì pọn dandan kó jẹ́ adarí.